Òtútù Tí A Yá Àlejò

Ọkọ̀ ìjọba náà kọ̀, kò ṣílẹ̀kùn.

"Oòrùn ìta ti di apànìyàn," ló wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó dùn bíi pé wọ́n fi oyin rẹ́ ẹ. "Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀, Agbẹnusọ Àpérò?"

"Ṣílẹ̀kùn fún mi, jàre. Ṣé inú rẹ ni mo ti máa ṣiṣẹ́ ìjọba ni?"

Ilẹ̀kùn là. Ooru gbá Ìbíwùmí lójú bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò àgbàdo tó ń hó. Kò sí ẹ̀dá kan ní títì Ìdí-Ọ̀sàn. Òfin Ọ̀sán ti lé gbogbo ìlú Ẹ̀bádò wọlé láti ìyálẹ̀ta, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tẹ títì títí oòrùn á fi rọjú, àfi ọkọ̀ ìjọba. Ewúrẹ́ pàápàá ti mọ òfin náà. Wọ́n to ara wọn sábẹ́ ẹ̀bá òrùlé bí aṣọ tí wọ́n ká. Ọ̀dà títì ń fà mọ́ ọn ní bàtà. Kámẹ́rà tí gbogbo ìlú ń pè ní Eṣinṣin fò jáde tẹ̀lé e, ó ń kùn, ó ń yí orí ká. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Tó bá di àwọ̀ ewé, gbogbo ayé á máa wò wọ́n nìyẹn.

Ilé Bàbá Ayélàágbé ló ń lọ. Ilé náà ló gbà á nígbà tí àkúnya omi gbé ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn bàbá náà ló sì ti gbọ́n. Lónìí, ìjọba ló rán an síbẹ̀. Àpérò Àgbáyé lórí Ooru ti wọ ìlú. Gbọ̀ngàn Dígí tí wọ́n kọ́ tìtorí rẹ̀ gbé òtútù mì ju bí àgbá òtútù ìlú ti lè pèsè lọ, ni ìjọba bá gbé igbá, ó ń yá òtútù kiri àdúgbò bí ẹni tí àlejò ká mọ́ ilé láìní àga. Ìbíwùmí ló ń gbé igbá ọ̀hún. Bàbá Ayélàágbé ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sínú igbá, àdúgbò sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí ayé rí bàbá náà lónìí, kó rẹ́rìn-ín, kó kí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè káàbọ̀.

Kó tó kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Sìmbíà tó ń gbé yàrá kejì ló dúró síbẹ̀, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó fi tówẹ́ẹ̀lì tútù wé orí.

"Ẹ wá wo ẹni tó dé! Ẹnu ìjọba fúnra rẹ̀! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé àwọn àlejò yín ò tíì gan pa?"

"Ìyá Sìmbíà, ẹ kú ooru o."

"Ta lo ń kí kú ooru? Ooru tí ìwọ alára gbé wá bá wa, o tún wá ń kí mi kú u? Wọlé jàre, kí oòrùn má baà tẹ̀lé ọ wọlé. Ṣé eṣinṣin yìí náà ń wọlé ni? Mi ò ní oúnjẹ tó máa bà lé lórí o."

"Ojú rẹ̀ ò tíì là, mà. Bàbá ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Sìmbíà. "Wọlé. Wá fi ojú ara rẹ rí i."

Inú ilé gbóná ju ìta lọ. Lára ògiri, ihò òtútù tí àwọn ọmọdé ń pè ní imú ògiri ti pa ẹnu dé, kò mí. Iná kékeré kan ń tàn lókè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Ìbíwùmí mọ̀ dáadáa, nítorí òun ló kọ ọ́: ÀLEJÒ ṢÌ JÓKÒÓ.

Bàbá Ayélàágbé nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ṣòkòtò nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Àgbàlagbà tó ti fi ìgbà kan wa ọkọ̀ ojú irin, tí ohùn rẹ̀ máa ń bo ohùn fèrè rẹ̀ mọ́lẹ̀, wá dùbúlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n gbàgbé síta. Ìbíwùmí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án níwájú orí. Ara rẹ̀ gbẹ. Ó gbẹ táútáú.

"Kò làágùn," ni Ìbíwùmí wí.

"Láti òwúrọ̀," ni Ìyá Sìmbíà dáhùn, pẹ̀lú ohùn kékeré.

Kò sí ọmọ Ẹ̀bádò tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ní jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń kọ́ wọn: ẹni tó ń làágùn, oòrùn ń bá a jà, ẹni tí kò làágùn mọ́, oòrùn ti dá a.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ké sí ọkọ̀ aláìsàn?"

"Mo ké sí i. Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Dígí, wọ́n ń dúró de àlejò tó bá sín." Ìyá Sìmbíà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Àlejò tó bá sín, Ìbíwùmí! Ilé ìwé ọmọ mi ò ní òrùlé, wọ́n kọ́ dígí. Kànga wa gbẹ, wọ́n ń da omi sí ẹsẹ̀ òdòdó. Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀, pé àpérò náà á gbé orúkọ wa jáde láyé. Orúkọ wo? Ta ló fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọ̀hún tí a bá kú tán? Mo ti kó àwọn ọmọ mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Tí kì í bá ṣe tìtorí àgbà yìí, èmi náà ì bá ti lọ."

Ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Sìmbíà kọ́ ni. Òun ò yá ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin, ohùn baálé ni ohùn agbo-ilé. Bí Bàbá ti lanu pé òun yá wọn, ti gbogbo yàrá lọ nìyẹn, ohùn Bàbá yìí kan náà ló sì lè gbà á padà.

Bàbá la ojú. Ó wo Ìbíwùmí fún ìgbà díẹ̀ kó tó dá a mọ̀, ó sì fi oríkì pè é.

"Àwẹ̀ró mi. Ṣé àwọn àlejò ti dé?"

"Wọ́n ti dé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde."

"Kí ló dé tí mi ò ní dìde? Ayé fẹ́ wò mí, kí n wá nà sílẹ̀ bí aláǹgbá? Ìyá Sìmbíà, ẹ bá mi mú agbádá mi."

"Agbádá?" Ìyá Sìmbíà pariwo. "Nínú ooru yìí? Bàbá, ẹ kúkú ní kí n dáná yí yín ká!"

"Ẹ mú un wá. Ẹ mọ ẹnu yín, ẹ ò mọ ọ̀nà àpótí."

Nínú etí Ìbíwùmí, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó há síbẹ̀ dún. Ohùn Kọmíṣọ́nnà Adémákinwá ni, ọ̀gá rẹ̀, ó sì dún bíi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ìbíwùmí! Ṣé bàbá yẹn ti múra? Ó kù díẹ̀ kó kàn yín. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín dáadáa o. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ti kọ ìkọkúkọ sára dígí wa, wọ́n ní ká gbé òtútù wọn padà. Àwọn oníròyìn òkè òkun ń ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá yẹn nìkan ló lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ìbíwùmí yíjú sí ògiri. "Sà, ara bàbá ò yá. Ṣé ẹ ò lè dá díẹ̀ padà fún àdúgbò yìí? Díẹ̀ ṣá."

"Dá kí ni padà? Ṣó o mọ̀ pé àwọn aṣojú ń béèrè kóòtù òtútù? Mo ti ní kí wọ́n lọ wá a fún wọn. Mo wọ méjì fúnra mi."

"Ẹ̀ẹ́n, tí òtútù bá pọ̀ jù fún wọn, sà..."

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ̀n! Tí wọ́n bá gbọ̀n, wọ́n á mọ̀ pé ìlú ńlá ni àwọn wá. Ṣé tálákà ló ń mú àlejò gbọ̀n? Jọ̀ọ́, má bà mí lórúkọ jẹ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣebí bàbá náà lè gbà á padà tó bá wù ú. Ó wà nínú òfin. Ìwọ lo sọ pé ká kọ ọ́ síbẹ̀."

Òun ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ẹran.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ òfin ọ̀yá náà, àwọn agbẹjọ́rò àgbáyé fárí gá pé àwọn ò ní jókòó sínú òtútù tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Wọ́n ní kí ìjọba kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá yá wọn lè gbà á padà nígbàkúùgbà, kó ṣáà ti fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́. Jìnnìjìnnì bá Kọmíṣọ́nnà. Tí àdúgbò bá gbà á padà lọ́jọ́ àpérò ńkọ́? Ìbíwùmí ló rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá wọn kọ ọ́, sà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ta ni ọmọ Ẹ̀bádò tó máa fa àga yọ lábẹ́ àlejò?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Àwọn agbẹjọ́rò náà fọwọ́ sí i, inú wọn dùn pé àwọn ti gba tálákà là. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi fún un ní oyè Agbẹnusọ, òun náà sì gbà á, ó dúpẹ́, ó fi gèlè yangàn.

Kò gbé ọ̀rọ̀ náà láti ibì kan. Ẹnu ọkùnrin tó ń janpata nínú agbádá yìí ló ti kọ́ ọ.

Ìyá Sìmbíà ti gbé Bàbá jókòó sórí àga. Agbádá aláwọ̀ ọ̀run náà bò ó mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ ń gbọ̀n lókè rẹ̀ bí èso tó fẹ́ já. Ó ń gbìyànjú ẹ̀rín, ó ń fi dánra wò.

"Báwo ni mo ṣe rí?"

"Bàbá." Ìbíwùmí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ gbà á padà."

"Kí ni?"

"Òtútù yín. Ẹ kàn sọ fún imú ògiri pé ẹ gbà á. Gbólóhùn kan ni. Òfin fún yín láàyè."

Bàbá wò ó bíi pé ó tutọ́ sílẹ̀ láàárín ilé. "Nígbà tí àlejò ṣì jókòó?"

"Àlejò tí ẹ ò mọ̀ rí! Tí wọn ò mọ̀ yín!"

"Ìyẹn ló ń jẹ́ àlejò, Àwẹ̀ró. Èyí tí mo bá mọ̀, ẹbí mi ni."

"Ẹ jẹ́ ká gbé yín sínú ọkọ̀ ìjọba nígbà náà. Òtútù wà nínú rẹ̀."

"Níbo ló ń lọ?"

"Gbọ̀ngàn Dígí." Ọkọ̀ náà ò mọ ọ̀nà míì lónìí.

"Kí n wá lọ jókòó tì wọ́n?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Kí n máa ṣọ́ ohun tí mo yá ènìyàn? Kí n máa wò ó bóyá wọ́n ń bà á jẹ́? Rárá o. Tí wọ́n bá dìde, wọ́n á dá a padà. Àìdìde wọn ò lè pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ."

"Ẹ ò ní ọjọ́ mélòó kan!" Ìyá Sìmbíà ló ké bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí Ìbíwùmí. "Sọ fún un! Ìwọ tó o fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà á, fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a padà! Àbí ẹnu rẹ ò mọ ọ̀nà ilé?"

Ìbíwùmí sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí eékún, ó ń wo ẹsẹ̀ Bàbá tó ti wú: bí àwọn agbẹjọ́rò ti ń bẹ̀rù fún un, bí òun ti rẹ́rìn-ín, bí òun ti mú ìwà tó kọ́ òun, tí òun gbé e sórí tábìlì níwájú àwọn tí kò mọ iyì rẹ̀, tí òun fi ra oyè. Kò fi ẹkún bò ó. Ó kàn ń sọ ọ́ ni, bí ẹni ń tu ẹ̀gún.

Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Nítorí náà, o mọ̀ pé mi ò ní gbà á."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"O sì mọ̀ mí dáadáa." Ó mi orí. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ò mọ bàbá wọn."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Nínú etí rẹ̀, Kọmíṣọ́nnà ń ka nǹkan fún ẹnì kan, ó sì kígbe: "Ó kàn yín! Ẹ̀rín o, ẹ̀rín!"

Ojú Eṣinṣin di àwọ̀ ewé.

Àwòrán gbọ̀ngàn náà hàn lórí dígí kékeré tó dè mọ́ ọwọ́ Ìbíwùmí: ìlà àga lórí ìlà àga, àwọn aṣojú láti gbogbo ayé nínú kóòtù tí kò bá wọn mu, àwọn kan fi ọwọ́ sábẹ́ abíyá, èémí ń jáde lẹ́nu wọn bí èéfín. Wọ́n ń wo Bàbá. Bàbá ti na ọrùn, ó ti lanu láti kí wọn káàbọ̀. Ẹnu náà ń gbọ̀n, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ojú rẹ̀ yí sókè díẹ̀.

Ìbíwùmí dìde, ó sì dúró síwájú Eṣinṣin, ó fi ara bo Bàbá.

"Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ kú ìrìnàjò," ló wí. Àwọn ẹ̀rọ ògbufọ̀ inú gbọ̀ngàn gbà á, wọ́n ń tú u sí oríṣiríṣi èdè. "Èmi ni mo bá yín yá òtútù tí ẹ jókòó sí. Wọ́n sọ fún yín pé àwọn tó ni ín lè gbà á padà nígbà tó bá wù wọ́n. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Níbí yìí, ẹni tó bá yá ènìyàn ní àga kì í gbà á nígbà tí àlejò ṣì wà lórí rẹ̀. Á kú kó tó gbà á. Ẹ ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì fi ṣòwò."

"Ìbíwùmí!" ni Kọmíṣọ́nnà bú jáde. "Kí lò ń ṣe? Ẹ pa á! Ẹ pa eṣinṣin yẹn!"

"Ìbíwùmí!" ni Bàbá náà wí lẹ́yìn rẹ̀. Kò pè é ní Àwẹ̀ró. "Pa ẹnu dé! Má lé àlejò mi!"

Ohùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró. Láti kékeré, kò tíì ta ko ohùn yẹn rí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgboyà ló ń ti òun. Ẹ̀bi ni, ẹ̀bi ò sì mọ àgbà.

"Ẹni tó ni òtútù náà ló wà lẹ́yìn mi. Kò làágùn mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí ohun tíyẹn jẹ́. Kò lè ní kí ẹ dìde. Èmi tí mo yá a ni mo ń bẹ̀ yín." Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ayé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Lórí dígí ọwọ́ rẹ̀, obìnrin arúgbó kan ní ìlà ìwájú bọ́ kóòtù tí wọ́n fún un, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí àga rẹ̀, ó sì ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn kan dìde nítorí ìtìjú, àwọn kan nítorí òtútù tó ti ń wá ọ̀nà pa wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì sí bí ẹ̀rọ tó ń ka àlejò, tó ń dá òtútù padà bí wọ́n bá ti ń dìde, ti lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn kan jókòó, wọ́n ń bínú. Ojú Eṣinṣin kú kí Ìbíwùmí tó mọ iye tó kù. Ó já ẹ̀rọ etí rẹ̀ bọ́, ohùn Kọmíṣọ́nnà sì ń han bí ẹ̀fọn lórí sìmẹ́ǹtì.

Iná ara ògiri ṣẹ́jú, ó kú. Imú ògiri wúkọ́, ó tu eruku sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

"Áà!" ni Ìyá Sìmbíà wí. Ó sáré bọ́ agbádá kúrò lọ́rùn Bàbá, ó gbé e súnmọ́ ògiri, ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún lọ́rùn, ó ń bú u, ó ń kán omi sí i létè. "Olórí kunkun! Àgbà tí kò gbọ́ràn! Ẹ mu ún. Ẹ tún mu ún. Ọjọ́ tí ẹ bá tún yá ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ nínú ilé yìí, èmi ni mo máa pa yín!"

Ó pẹ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹ́yìn, òógùn kan yọ níwájú orí Bàbá. Ìyá Sìmbíà fi ìka kàn án, ó fi han Ìbíwùmí, ó sì bú sẹ́kún.

Ìbíwùmí ṣì wà lórí eékún rẹ̀ láàárín ilé. Kò lè súnmọ́ wọn. Òtútù ń fẹ́ sí i lọ́rùn, ó sì ń ṣe é bíi pé òun jí i ni.

Bàbá la ojú. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Sìmbíà."

"Bàbá."

"Ẹ bá mi bi ọmọbìnrin yẹn léèrè. Àwọn tó lé jáde yẹn, inú ilé wo ni wọ́n wọ̀?"

Ìyá Sìmbíà wo Ìbíwùmí. Ìbíwùmí gbé ojú sókè, ojú fèrèsé ló ń wò: oòrùn ọ̀sán gangan, títì tó ń yọ́, àti ìlú tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Òun ò tiẹ̀ rò ó dé ibẹ̀. Bàbá nìkan ló rò. Ó ti lé àjèjì jáde sínú oòrùn tí kì í dá ẹnikẹ́ni sí.

"Kò mọ̀," ni Ìyá Sìmbíà dáhùn fún un.

"Mo mọ̀ pé kò mọ̀." Bàbá mí kanlẹ̀. "Ẹ sọ fún un kó gbé ọkọ̀ ìjọba náà, kó lọ kó wọn wá síbí. Òtútù ti dé. Ilé yìí ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó."

"Bàbá! Gbogbo ayé? Nínú yàrá méjì?"

"Ìwọ̀nba tó bá gbà. Kó kan ilẹ̀kùn fún àwọn yòókù láti ojúlé dé ojúlé. Lọ́wọ́ àdúgbò ni wọ́n ti yá a, àdúgbò á gbà wọ́n sílé." Ó pa ojú dé. "Kó ṣe kíá."

Kò bá a sọ̀rọ̀. Kò wò ó. Ìbíwùmí dúró díẹ̀ sí i bóyá á pe orúkọ rẹ̀, kò pè é. Ṣùgbọ́n ó rán an níṣẹ́. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì sáré wọ inú oòrùn.